Mo ti gbá Indiana Jones and the Great Circle tán: báyìí ló yẹ kí géèmù tó jáde lára fíìmù máa rí

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí géèmù yìí ti mú mi gan-an. Mo wà ní Gizeh ní Íjíbítì, mo ti ń yọ́ rìn nínú àgọ́ àwọn Násì fún bí ìdajì wákàtí, ni mo bá ṣèèṣì yọ síta níwájú àwọn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n lù mí bí ẹni lu bàrà, mo ṣubú, fìlà mi fò kúrò lórí, ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn, mo ní ó ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ti ka ìwé kan tẹ́lẹ̀ nínú géèmù náà tó kọ́ mi pé tí mo bá lè wọ́ dé ibi tí fìlà mi bọ́ sí, màá rí agbára dìde padà. Bí mo ṣe ń fi àyà wọ́ nílẹ̀ nìyẹn, tí bàtà àwọn ṣọ́jà ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi, mo na ọwọ́, mo mú fìlà, mo dé e, mo dìde. Mo dá géèmù dúró, mo gbé kóńtírólà sílẹ̀, mo kàn jókòó tí mò ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ronú kan irú nǹkan báyìí, ó mọ Indiana Jones, akọni inú fíìmù yẹn tí a máa ń pè ní Indy, kì í ṣe pé ó kàn ra orúkọ ẹ̀.

Fún ẹni tí ò tíì gbọ́ nípa ẹ̀, MachineGames ló ṣe é, iléeṣẹ́ tó wà ní Uppsala ní orílẹ̀-èdè Swídìn, àwọn kan náà tó ṣe Wolfenstein, géèmù tí a ti ń bá àwọn Násì jà, Bethesda ló sì gbé e jáde ní oṣù Kejìlá 2024 fún Xbox àti kọ̀ǹpútà kó tó wá dé orí PlayStation 5 ní oṣù Kẹrin 2025. Ọdún 1937 ni ìtàn ẹ̀ wáyé, ìyẹn ni pé ó bọ́ sáàárín méjì nínú àwọn fíìmù Indy, Raiders of the Lost Ark, tí ìtàn tiẹ̀ jẹ́ ti 1936, àti The Last Crusade tó jẹ́ ti 1938. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tó ga bí ọ̀pẹ já wọ ilé ẹ̀kọ́ tí Indy ti ń ṣe olùkọ́, ó gbé òkú ológbò kan tí wọ́n ti fi oògùn tọ́jú láti ayé àtijọ́, ó sì bá ẹsẹ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀. Indy tọ ipasẹ̀ ẹ̀ dé Vatican, ibẹ̀ ló ti lọ sí Íjíbítì, ó gun òkè Himalaya, ó dé Shanghai, ó dé Sukhothai ní Thailand, títí tó fi dé Iraq. Tí ẹ bá fa ìlà láti ibi kan sí ibi kejì lórí àwòrán ayé, ìlà náà á yí ayé po bí òrùka, ibẹ̀ ni orúkọ géèmù náà ti wá.

Mi ò fẹ́ sọ ìtàn ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan kan wà lórí òkè Himalaya yẹn tí mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi etí gbọ́ kó tó fi ojú ara ẹ̀ rí i.

Àwọn àgbà ní gèlè ò dùn bíi ká mọ̀ ọ́n wé, ká mọ̀ ọ́n wé ò sì dà bíi kó yẹni. Orúkọ fíìmù ńlá tí iléeṣẹ́ géèmù máa ń sanwó gọbọi gbà, gèlè ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń ra gèlè yìí tí wọ́n ń wé e gbàgùdù. Wọ́n á ya ojú òṣèré sára páálí, wọ́n á fi orin fíìmù síbẹ̀rẹ̀, àmọ́ tí o bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a, wàá rí i pé nǹkan kan náà tó wà nínú ogún géèmù míì lo ń ṣe. Mo rántí ọ̀kan tí mo gbá nígbà tí mo ṣì kéré, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, mo fẹ́ràn fíìmù ẹ̀ débi pé mo mọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn lórí, mo fi oṣù mélòó kan retí géèmù ẹ̀, nígbà tí mo wá rí i, ọmọlangidi kan tó ń fò láti orí pátákó kan sí òmíràn ni, tí wọ́n bá yọ fìlà ẹ̀ tí wọ́n fi tẹlòmíì dé e, kò sí nǹkan tó máa yí padà. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ìyàtọ̀ Great Circle ni pé kì í ṣe àwòrán akọni yẹn ni wọ́n fún wa, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ni wọ́n fún wa ṣe.

Ẹ wò ó, awalẹ̀pìtàn ni Indiana Jones. Gbogbo wa la máa ń rántí kòbókò àti ìbọn, àmọ́ ojoojúmọ́ ayé ọkùnrin yẹn, ìwé ló ń kà, nǹkan ló ń yẹ̀ wò, ó ń fi ìka nu eruku kúrò lára òkúta kó lè ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí géèmù gbé lé mi lọ́wọ́ lẹ́yìn tí wọ́n jalè nílé ẹ̀kọ́, kì í ṣe ìjà, ńṣe ni mo ń ṣa àwọn ohun àtijọ́ tó fọ́n ká sílẹ̀, tí mò ń dá ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sí àyè ẹ̀, tí àyè kan wá ṣófo, nígbà yẹn la mọ ohun tí olè gbé. Ẹ rí i, wọ́n fi ìyẹn sọ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ irú èèyàn tí a máa jẹ́.

Wọ́n tún wá ṣe é tó fi jẹ́ pé ojú Indy gan-an la fi ń wo ayé. Ní oṣù Kíní 2024 tí wọ́n kọ́kọ́ fi bí wọ́n ṣe ń gbá a hàn, ọ̀pọ̀ èèyàn bínú, àwọn èèyàn ní kí la fẹ́ fi Indiana Jones tí a ò ní máa rí ẹ̀yìn ẹ̀ àti fìlà ẹ̀ ṣe, ṣebí bí àwọn géèmù Tomb Raider àti Uncharted ṣe ń ṣe é nìyẹn, kámẹ́rà á wà lẹ́yìn akọni. Èmi náà wà lára àwọn tó ráhùn, kí n sòótọ́. Mo ti yí ọkàn padà pátápátá. Tí mo bá fẹ́ wo máàpù, Indy á nà án sílẹ̀ níwájú ojú mi pẹ̀lú ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì, mo lè máa rìn lọ kí n máa wò ó. Tí mo bá fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn, màá fa kọ́kọ́rọ́ yọ, màá kì í bọ inú ihò, màá yí i. Tí mo bá rí ohun àràmàǹdà lára ògiri, màá gbé kámẹ́rà sójú, màá ya fọ́tò, á sì wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ mi. Nínú géèmù míì, wàá tẹ bọ́tìnì kan, àmì á sì tàn lórí skíríìnì pé o ti rí nǹkan. Níbí, ọwọ́ rẹ ló rí i. Ìgbà tó bá ń gun ògiri tàbí tó ń fi kòbókò fì ara ẹ̀ kọjá kòtò nìkan ni kámẹ́rà máa ń jáde sẹ́yìn, tí a ó rí gbogbo ara ẹ̀ pẹ̀lú fìlà, ìyẹn sì tó mi.

Vatican ni mo fẹ́ràn jù, kò sì sí ibòmíì tó bá a dọ́gba. Ibẹ̀ tóbi, kò wá tóbi jù. Wọ́n fún ọ ní aṣọ àlùfáà, o lè máa rìn láàárín ọgbà, o lè wọ Sistine Chapel kí o gbé ojú sókè wo àjà, kí o dúró síbẹ̀ bí o ṣe fẹ́, kò sẹ́ni tó máa lé ọ. Àwọn ọmọ ogun Mussolini, aláṣẹ Ítálì ìgbà yẹn, wà káàkiri, wọ́n ń ṣe bí ẹni pé ibẹ̀ ti di tiwọn, àwọn àlùfáà kan ń bẹ̀rù, àwọn kan ń ràn ọ́ lọ́wọ́ ní kọ̀rọ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni mo ti ra kámẹ́rà mi. Lábẹ́ ilẹ̀ ni iṣẹ́ wà ní tòótọ́, ihò àpáta, yàrá tí ẹnìkan ò wọ̀ láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, omi tó ń ṣàn, ère tó ń wojú ara wọn, ọ̀rọ̀ èdè Látìnì lára ògiri. Àwọn àlọ́ àpamọ̀ ibẹ̀ ní ọ̀wọ̀ fún èèyàn. Ohun tí mò ń sọ ni pé géèmù kì í sáré wá sọ ìdáhùn sí ọ létí. Tí ó bá sú ọ, o lè ya fọ́tò ohun tó rú ọ lójú, Indy á sọ nǹkan díẹ̀ tó máa là ọ́ lọ́yẹ̀, tí o bá tún yà á, á sọ sí i. Ọwọ́ rẹ ló wà bóyá o fẹ́ ìrànlọ́wọ́ àbí o fẹ́ jókòó tì í. Wọ́n tiẹ̀ pín ìnira àlọ́ yàtọ̀ sí ìnira ìjà, ẹni tó fẹ́ràn àlọ́ tí ò fẹ́ràn ìjà lè mú kí ìjà rọrùn kó sì fi àlọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, mo gbóríyìn fún wọn lórí ìyẹn gan-an.

Mo jókòó ti ọ̀kan fún nǹkan bí wákàtí kan lálẹ́ ọjọ́ kan. Mi ò ya fọ́tò. Mo mú bébà gidi, mo ń ya àwọn àmì tí mo rí lára ògiri sórí ẹ̀, mò ń pa á rẹ́, mò ń tún un yà, nígbà tí mo wá rí ọ̀nà ẹ̀ tí òkúta ńlá yẹn dún gbì tí ó sì yí padà, mo pariwo débi pé àwọn ará ilé jí. Fíìmù kankan ò lè fún mi ní irú ìdùnnú yẹn, nítorí nínú fíìmù, òun ló mọ ìdáhùn, èmi kàn ń wò ó ni.

Ìjà ẹ̀ náà dùn, ó sì bá èèyàn yẹn mu. Indy kì í ṣe ṣọ́jà. Ó ní ìbọn ìléwọ́ lóòótọ́, àmọ́ tí o bá yìn ín, gbogbo àgọ́ á gbọ́, wọ́n á sì ya bò ọ́, nítorí náà o ò ní fẹ́ yìn ín. Nǹkan tó bá wà nílẹ̀ ni wàá fi jà, ìgbálẹ̀, ìgò, òòlù, gìtá, o tiẹ̀ lè di ẹnu ìbọn mú kí o fi ìdí ẹ̀ lu èèyàn lórí, gbogbo ẹ̀ sì máa ń fọ́ tàbí kó kán lẹ́yìn tí o bá ti lò ó díẹ̀, o tún ń wá òmíràn. Ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ òsì wà níbi bọ́tìnì òsì, tọ̀tún wà níbi tọ̀tún, ìró ẹ̀ máa ń dún gbàù gẹ́gẹ́ bó ṣe ń dún nínú fíìmù àtijọ́ wọ̀nyẹn. Kòbókò lè já ìbọn gbà lọ́wọ́ ọ̀tá, ó sì lè fà á wá sọ́dọ̀ rẹ. Ó tún ní bí wọ́n ṣe ṣe ti àwọn ajá, o ò lè pa wọ́n, tí o bá fi kòbókò na afẹ́fẹ́ lásán wọ́n á sá lọ. Nǹkan kékeré ni, ṣùgbọ́n mo kíyè sí i, inú mi sì dùn sí i.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ojú àti ohùn. Ojú Harrison Ford, òṣèré tó ṣe Indy nínú fíìmù, ti ìgbà èwe ẹ̀ ni wọ́n lò, Troy Baker ló sì sọ̀rọ̀ tó tún fi ara ṣe gbogbo eré ẹ̀. Mo ti mọ ohùn Baker látinú géèmù The Last of Us, mo sì mọ̀ ọ́n nínú Uncharted 4, níbi tó ti ṣe Sam, ẹ̀gbọ́n Nathan Drake tó jẹ́ akọni géèmù náà. Ẹ ò rí i bí nǹkan ṣe yí po: Indiana Jones bí Uncharted, ẹni tó ṣeré nínú Uncharted wá padà di Indiana Jones. Láàárín wákàtí àkọ́kọ́ mo ṣì ń tẹ́tí léko láti gbọ́ ibi tí kò ti jọ Ford. Nígbà tó fi máa di wákàtí kẹta mo ti gbàgbé pé ẹlòmíì ni. Kì í ṣe pé ó ń sín ohùn ẹ̀ jẹ, ó mọ bí ọkùnrin yẹn ṣe ń kùn nínú ara ẹ̀, bó ṣe máa ń sọ ọ̀rọ̀ dé ìdajì tí á wá fi í sílẹ̀, bí ẹ̀rín ṣe máa ń yọ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ẹ̀ kan. Ford fúnra ẹ̀ yin iṣẹ́ náà lẹ́yìn tó jáde, ó ní èèyàn ò nílò ẹ̀rọ AI láti mú ẹ̀mí òun, pé ẹ̀bùn àti èrò tó dáa ti tó. Gbogbo ẹni tó ń ṣe irú géèmù yìí lọ́jọ́ iwájú ló yẹ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa.

Ọkùnrin gíga bí ọ̀pẹ yẹn, Locus, Tony Todd ló ṣe é. Ó kú ní oṣù Kọkànlá 2024, oṣù kan ṣáájú kí géèmù náà tó jáde. Gbogbo ìgbà tí ohùn ẹ̀ bá jáde, ohùn tó wúwo bí àrá yẹn, ara mi máa ń bù máṣọ. Kó sinmi ní àlàáfíà. Ẹlòmíì tí mo fẹ́ dárúkọ ni Marios Gavrilis tó ṣe Voss, awalẹ̀pìtàn àwọn Násì, ọ̀tá tó máa ń wo ọkàn èèyàn tí á sì máa fọwọ́ tọ́ egbò tó wà níbẹ̀. Gina, obìnrin oníròyìn tí Alessandra Mastronardi ṣe, òun náà ní ìdí tiẹ̀, arábìnrin ẹ̀ ló ń wá, kì í ṣe pé ó kàn ń tẹ̀ lé Indy kiri. Orin Gordy Haab náà dáa, ó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́.

Àléébù ẹ̀ wà, kí n sọ ọ́. Àwọn ọ̀tá ò gbọ́n tó. O lè fọ́ ìgò mọ́ ẹnìkan lórí kí ẹnìkejì tó wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá máa wo ibòmíì, ó máa ń ba ìbẹ̀rù tó yẹ kó wà nínú yíyọ́ rìn jẹ́. Sukhothai náà fẹ̀ jù ohun tó wà nínú ẹ̀ lọ, ọkọ̀ ojú omi ni mo ń wà kiri. Shanghai ní tiẹ̀ kúrú jù, kí n tó gbádùn ẹ̀ ó ti tán. Kọ̀ǹpútà tí kò bá ní káàdì àwòrán tó lágbára tó mọ ray tracing (ọgbọ́n tó ń mú kí ìmọ́lẹ̀ inú géèmù dà bíi ti ojú ayé) ò ní lè gbé e, ẹ yẹ tiyín wò kí ẹ tó rà á. Ìtàn gangan á gbà yín bíi wákàtí 15 sí 20, ẹni tó bá fẹ́ wá gbogbo kọ̀rọ̀ á lò tó ìlọ́po méjì. Àfikún kan wà tó ń jẹ́ The Order of Giants, ó jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2025, Róòmù ló ti wáyé, abẹ́ ilẹ̀ ni púpọ̀ nínú ẹ̀, àlọ́ ẹ̀ dáa ju ìtàn ẹ̀ lọ.

Ní báyìí, ìdí tí mo fi sọ pé báyìí ló yẹ kó máa rí. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí géèmù á rántí pé Indy gan-an wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kúrò nínú fíìmù wá sínú géèmù, Raiders of the Lost Ark fún ẹ̀rọ géèmù Atari 2600 ní 1982, Howard Scott Warshaw ló ṣe é. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n ní kí ọkùnrin yìí tún ṣe géèmù fíìmù E.T., wọ́n fún un ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré torí wọ́n fẹ́ kó bá ọjà ọdún Kérésì. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún! A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ọ̀pọ̀ nínú géèmù náà ló padà sí iléeṣẹ́, wọ́n sì lọ kó lára ẹ̀ bò mọ́lẹ̀ ní ilẹ̀ àtàn ní Alamogordo, New Mexico, àwọn èèyàn kà á sí ìtàn àròsọ fún ọdún pípẹ́, títí di 2014 tí wọ́n lọ gbẹ́ ilẹ̀ náà tí wọ́n sì hú wọn jáde. Mo máa ń ro ọ̀rọ̀ yẹn, pé èèyàn wa ilẹ̀ kó tó rí géèmù, bí ẹni ń wá ère wúrà. Warshaw kọ́ ló ṣẹ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ ni. Àkókò ni wọn ò fún un.

Ẹ wá wo GoldenEye 007, géèmù James Bond tí Rare ṣe fún Nintendo 64. Fíìmù ẹ̀ jáde ní 1995, géèmù ò jáde àfi 1997, ọdún méjì gbáko, gbogbo èèyàn ti lọ sí nǹkan míì, síbẹ̀ géèmù yẹn làwọn èèyàn ṣì ń dárúkọ títí dòní. Ẹ wo Fate of Atlantis ti Indy fúnra ẹ̀ ní 1992, fíìmù kankan ò sí lẹ́yìn ẹ̀, ìtàn tuntun ni Hal Barwood àti Noah Falstein kọ, wọ́n sì fún ọ ní ọ̀nà mẹ́ta láti gbà á, ti ọpọlọ, ti ẹ̀ṣẹ́, tàbí ti ẹni tó bá ẹnìkejì ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ wo Alien: Isolation ní 2014, fíìmù Alien ti 1979 ló gbára lé, ọdún 35 sẹ́yìn. Àfi King Kong ti Ubisoft ní 2005 nìkan ni mo lè fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, òun bá fíìmù ẹ̀ jáde ní àkókò kan náà ó sì dáa, ọwọ́ Michel Ancel ló wà. Ọ̀kan ṣoṣo nìyẹn láàárín àìmọye.

Great Circle ò ní fíìmù tó ń lé e. Wọ́n kéde ẹ̀ ní oṣù Kíní 2021, ó jáde lẹ́yìn bí ọdún mẹ́rin. Fíìmù Indy tó gbẹ̀yìn, Dial of Destiny, jáde ní 2023, wọn ò sì sáré lé e. Ford ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó ti sọ pé òun ti fi fìlà yẹn kọ́. Nínú sinimá, ibi tó máa parí sí nìyẹn, nítorí ara èèyàn máa ń gbó. Nínú géèmù, Indy ọdún 1937 ṣì wà ní ẹni ọdún mélòó kan lé ní ọgbọ̀n, a sì lè rán an lọ ibikíbi. Mo gbà pé ibí ni àwọn fíìmù ìrìn àjò àtijọ́ wọ̀nyí máa gbé láti ìsinsìnyí lọ, ju inú sinimá lọ.

Ọ̀nà méjì ni mo ń rí lọ́dọ̀ àwọn tó ń bọ̀. IO Interactive, àwọn tó ṣe Hitman, ló ń ṣe 007 First Light, James Bond ẹni ọdún 26 tí kò tíì mọ iṣẹ́ náà dáadáa, wọn ò sì lo ojú òṣèré Bond kankan látinú fíìmù, òṣèré tuntun ni wọ́n mú. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Àwọn tó ti fi ọdún pípẹ́ ṣe géèmù ẹni tó ń pààrọ̀ aṣọ tó ń wọ ilé onílé láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀, tani kó tún ṣe Bond bí kò ṣe wọn? Bí wọ́n ṣe fún àwọn tó mọ bí a ṣe ń bá Násì jà ní Indy nìyẹn. Saber Interactive ní tiwọn ń ṣe Jurassic Park: Survival, wọ́n kéde ẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2023, ọjọ́ kejì ìṣẹ̀lẹ̀ fíìmù 1993 ni ìtàn ẹ̀, obìnrin onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tí wọ́n gbàgbé sí erékùṣù náà ni akọni ẹ̀, ojú òun náà la ó sì máa fi wò ó. Ẹ̀rù tí mo ní sí i ni pé kí wọ́n má lọ gbé ìbọn ńlá lé e lọ́wọ́. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni. Kí wọ́n jẹ́ kó ronú, kó sá pamọ́, kó mọ ohun tí ẹranko kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rù, kó fi ìmọ̀ ẹ̀ yè é. Tí wọ́n bá gbé ìbọn fún un, wọ́n ti wé gèlè náà gbàgùdù nìyẹn.

Ohun kan tún wà tó ń kọ mí lóminú. Ẹ̀tọ́ lórí orúkọ fíìmù máa ń ní ọjọ́ tó máa parí, ó sì máa ń wà lọ́wọ́ ẹni tó pọ̀. GoldenEye tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ó di oṣù Kíní 2023 kó tó padà wá sórí ẹ̀rọ ìgbàlódé, ọdún 25 àti díẹ̀, torí àwọn tó ni ẹ̀tọ́ ẹ̀ ò tètè fẹnu kò. Ẹni tí wọ́n bí ní 1997 ti dàgbà tán. Mi ò fẹ́ kí Great Circle lọ sínú àkámọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ gbá a ní ogún ọdún sí i máa wá a kiri, kí iṣẹ́ Tony Todd àti ti Baker di ohun tí a máa lọ wa ilẹ̀ kó tó rí. Tí wọ́n bá ń bu ọwọ́ lu ìwé àdéhùn fún èyí tó kàn, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá ti rà á, tiẹ̀ ni títí láé.

Tí ẹ bá ń bi mí bóyá kí ẹ rà á, ẹ rà á. Ẹni tó fẹ́ràn Uncharted fún ìbọn yínyìn lásán lè rí i pé ó falẹ̀, kí ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń gbá a. Ẹni tó fẹ́ràn àlọ́, tó fẹ́ràn ìtàn àtijọ́, tó ṣì rántí orin fíìmù yẹn láti kékeré, kó má dúró rárá. Ẹ fi agbekọ́rí sétí, ẹ pa iná yàrá, ẹ má sáré kúrò ní Vatican. Èmi ti parí ìtàn lẹ́ẹ̀mejì, lónìí mo tún padà lọ síbẹ̀ torí mo ṣì ní fọ́tò mẹ́rin tí mi ò tíì rí, ọ̀kan nínú ẹ̀ mo rò pé ó wà lórí òrùlé, mo kàn ò tíì mọ ọ̀nà tí màá gbà gùn ún.